Ipa Tí Agbára Prósẹ́sọ̀ Ń Kó Nínú Iṣẹ́ Ráútà Aláìlókùn Inú Ilé

1.0 Ìfáárà

Ohun tó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé ìdí tí íntánẹ́ẹ̀tì fi lè máa falẹ̀ nínú ilé tí onílé ti sanwó ìlà tó yára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa di ẹ̀bi náà ru rédíò ráútà tàbí ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun kẹta wà tí ojú kì í tètè tó: prósẹ́sọ̀, èyí tí í ṣe ọpọlọ ráútà.

2.0 Iṣẹ́ Prósẹ́sọ̀

Dátà kì í rìn lódidi. Ìdì kéékèèké ni a ń pín in sí. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn tó wọ́pọ̀ jẹ́ 1,500 báìtì. Bí ìdì kọ̀ọ̀kan bá ti dé, ráútà gbọ́dọ̀ ka àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, kí ó pààrọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì inú ilé sí ti ìta, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọjá. Bí ráútà bá tún ń ṣe iṣẹ́ VPN, yóò sọ ìdì kọ̀ọ̀kan di àrokò kí ó tó jáde.

A ó ṣàkíyèsí pé iye ìdì ni ó ń dá prósẹ́sọ̀ lágara ju iye báìtì lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo prósẹ́sọ̀ 200 MHz, tí ń lù nígbà 200,000,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí dátà 100 Mb/s bá dé ní ìdì 1,500 báìtì, nǹkan bí ìdì 8,300 ni, ìlù 24,000 yóò sì kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá dé ní ìdì 64 báìtì, ìdì yóò lé ní 195,000, nǹkan bí ìlù 1,000 péré ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí agbára kò bá tó, àwọn ìdì a tò sórí ìlà. Bí ìlà bá kún, a da àwọn mìíràn nù.

3.0 Àpẹẹrẹ Kan

Linksys WRT54G jáde ní ìparí ọdún 2002 pẹ̀lú prósẹ́sọ̀ 125 MHz. Àwọn ẹ̀dà kan tó tẹ̀lé e ní 200 MHz. Ó tó fún ìlà inú ilé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlà 100 Mb/s dé, kò lè gbé e tán, kódà fún kọ̀ǹpútà tí a fi wáyà so mọ́ ọn. Èyí fi hàn pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti rédíò.

4.0 Ọ̀nà Àbáyọ

Àwọn tó ń ṣe ráútà ti fi ẹ̀yà mìíràn kún un, tí ń gba ọ̀pọ̀ ìdì kọjá láìyọ prósẹ́sọ̀ lẹ́nu. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ráútà, bí a bá tan ètò tí ń tò ìdì ní ipò-ipò, iṣẹ́ náà a padà sọ́dọ̀ prósẹ́sọ̀, ìyára a sì já wálẹ̀.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Iye tí a kọ gàdàgbà sára páálí jẹ́ ti rédíò. Nítorí náà, kí ènìyàn tó ra ìlà tó wọ́n jù, kí ó fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà, kí ó wọn ìyára. Lẹ́yìn náà, kí ó so ó mọ́ módẹ́ẹ̀mù tààrà. Bí ti módẹ́ẹ̀mù bá yá ju ti ráútà lọ, ráútà ni ìdènà. Ní ti àwa olùkọ́ èdè, ó yẹ kí èdè-ìperí wa ya “ìyára rédíò” sọ́tọ̀ kúrò lára “agbára prósẹ́sọ̀”, kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo má baà ṣi oníbàárà lọ́nà.