Georges Besse Tún Renault Ṣe, Kò Rí Èrè Rẹ̀

Nígbà tí Georges Besse di ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ mọ́tò Renault nílẹ̀ Faransé ní oṣù Kìíní ọdún 1985, gbèsè ti mu iléeṣẹ́ náà dé ọrùn. Ní 1984 nìkan, àdánù tó bá wọn lé ní bílíọ̀nù 12 owó francs. Ìjọba ló ni Renault nígbà náà, nítorí náà àpò ará ìlú ló ń jò.

Besse kì í ṣe ọmọ olówó. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1927 ni wọ́n bí i nílùú Clermont-Ferrand. Iṣẹ́ títa wáyà tẹlifóònù ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ìwé ló gbé ọmọ náà ga: ó wọ École Polytechnique, ilé ẹ̀kọ́ tí kì í rọrùn láti wọ̀, ó sì di ẹnjiníà ìjọba. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣiṣẹ́ uranium, títí ó fi di olórí Cogema. Ní 1982, ìjọba gbé Pechiney, iléeṣẹ́ alumíníọ̀mù tó ń pàdánù owó, lé e lọ́wọ́. Láàárín ọdún méjì, Pechiney ti ń jèrè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó wá gba Renault là.

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Besse fòpin sí ẹgbẹ́ eré ìje mọ́tò tí Renault ń náwó lé lórí, ó sì dín iṣẹ́ tó tó 21,000 kù. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó wà ní Billancourt, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris, ló wá láti Algeria, Morocco àti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí ẹbí ń retí owó lọ́wọ́ wọn nílé. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ CGT ta kò ó gidigidi.

Ní alẹ́ ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, ọdún 1986, bí Besse ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, obìnrin méjì yìnbọn pa á níwájú ilé rẹ̀ ní Paris. Ẹni ọdún 58 ni. Ó fi ìyàwó àti ọmọ márùn-ún sílẹ̀. Action Directe, ẹgbẹ́ agbésùmọ̀mí kan, ló sọ pé àwọn ló ṣe é. Wọ́n mú àwọn obìnrin náà ní 1987, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n gbére fún wọn ní 1989.

Àmọ́ ìbọn yẹn kò dá iṣẹ́ ẹnikẹ́ni padà. Raymond Lévy tó rọ́pò Besse tẹ̀ lé ọ̀nà tó ti là sílẹ̀, Renault sì jèrè ní 1987. Ní 1992, wọ́n ti ilé iṣẹ́ Billancourt pa pátápátá.