Bí Nọ́ọ̀sì Bá Ní Kí Ẹ Bọ́ Síta

Ọ̀rọ̀ èlé àti owó yíyá kọ́ ni ti oṣù yìí o. Ọ̀rọ̀ obìnrin tí wọ́n ń lù nínú ilé ni. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin ọmọ ọdún 15 sí 49 ní Nàìjíríà, 31 ni ẹnìkan ti lù rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15. Ẹ wo ìlà ìsọ̀ yín ní Ojúwòyè tàbí Tẹjúoṣó, kí ẹ rò ó wò.

Ó máa ń rí báyìí ní ilé ìwòsàn: obìnrin á wọlé pẹ̀lú ojú wíwú, ọkọ rẹ̀ á dúró tì í. Nọ́ọ̀sì á ní kí ló ṣẹlẹ̀, ọkọ á gbà á sọ: "Ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ni." Wọ́n á rán ojú egbò, wọ́n á kọ "ó ṣubú" sínú káàdì, ó parí. Balùwẹ̀ wo ló ń gbá ènìyàn lójú lóṣooṣù?

Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ ní ọdún 2013 pé kò pọn dandan kí dókítà máa bi gbogbo obìnrin tó bá wọlé. Àmì ni kí wọ́n máa wò: egbò tí kò bá àlàyé mu, ẹni tó ń wá lemọ́lemọ́ nítorí ara ríro tí wọn kò rí ìdí rẹ̀, ẹni tí kò rí oorun sùn. Ti aláboyún yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n lè bi í nígbà tó bá wá fún ìtọ́jú oyún, bí nọ́ọ̀sì bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, tí ibi ìkọ̀kọ̀ sì wà.

Ṣùgbọ́n òun nìkan ni kí ó wà níbẹ̀. Kì í ṣe ọkọ nìkan ni yóò bọ́ síta. Ìyá ọkọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ ńkọ́, títí kan ọmọ tó bá ti ju ọdún 2 lọ, nítorí ọmọdé a máa tún ọ̀rọ̀ sọ nílé.

"Kí lo ṣe fún un tó fi lù ọ́?" Ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè, ẹjọ́ ni. Èyí tó dára ni: "Mà, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń rí wàhálà nílé. Ṣé ẹ̀rù ẹnikẹ́ni ń bà yín? Ṣé ó ti halẹ̀ pé òun á pa yín?" Bí ó bá ní rárá, kí wọ́n fi í sílẹ̀, kó mọ̀ pé òun lè padà wá. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n gbọ́ ọ tán, kí wọ́n sì wádìí bóyá ilé ṣeé padà sí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ibi tó kan àwa gan-an nìyí. Bí a bá sin ẹnìkejì wa lọ sí Ìdí-Àràbà tàbí Randle, ìfẹ́ ló ń mú wa jókòó tì í, tí a ń bá a dáhùn. Ẹ dìde. Bí ọkọ bá wà níbẹ̀, ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó. Ìlà ibẹ̀ kì í yá, ẹ̀yin náà mọ̀.

Èkó ti ní òfin lórí ìwà ipá nínú ilé láti ọdún 2007. DSVA ni ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí i, fóònù ọ̀fẹ́ wọn ni 08000333333. Fún ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, WARIF wà ní Yaba, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú wọn. Ẹ kọ́ nọ́ńbà yẹn sórí. Ẹ má kọ ọ́ sí bébà fún obìnrin náà àfi tó bá béèrè. Ọkọ tó ń lu ìyàwó a máa tú báàgì rẹ̀ wò.