Ìwé Ìbéèrè fún Akẹ́kọ̀ọ́ gẹ́gẹ́ bí Òṣùwọ̀n Iṣẹ́ Olùkọ́

Kò sí ẹni tí ó ti kọ́ni rí nínú wa tí kò tíì bi kíláàsì rẹ̀ pé, 'Ṣé ó yé yín?' Gbogbo wọn a sì fi ohùn kan dáhùn pé, 'Ó yé wa, sà!' Ìgbà tí a bá pe ọ̀kan wá sídìí pátákó ni a máa ń mọ̀ bóyá ó yé wọn lóòótọ́. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni bóyá ìwé ìbéèrè tí a ń pín fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìparí sáà, láti fi díwọ̀n iṣẹ́ olùkọ́, sàn ju 'Ó yé wa, sà' yìí lọ.

Ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àná. Ní 1927 ni H. H. Remmers gbé ọ̀kan tí ó lókìkí jáde ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà. Lónìí, ọ̀pọ̀ yunifásítì ní òkè òkun ni ó ń wo èsì rẹ̀ kí wọ́n tó gbé olùkọ́ ga lẹ́nu iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀rí. Ní 1970, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà bẹ òṣèré kan lọ́wẹ̀, wọ́n pè é ní 'Dókítà Fox', wọ́n sì ní kí ó bá àwọn oníṣègùn ọpọlọ àti àwọn olùkọ́ni mìíràn sọ̀rọ̀. Àsọyé náà kò lórí, kò nídìí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òṣèré náà fi àwàdà àti ìdánilójú sọ ọ́, ọ̀pọ̀ àwọn olùgbọ́ sì yìn ín nínú ìwé ìbéèrè. A lè jiyàn pé àsọyé kan péré kò tó gbé ìdájọ́ lé. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ tí Carrell àti West tẹ̀ jáde ní 2010 ni ó wúwo jù lójú tèmi. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọ-ogun òfuurufú Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ kì í yan olùkọ́ fúnra rẹ̀, ìdánwò kan náà ni gbogbo wọn sì ń ṣe. Àwọn olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yìn sábà jẹ́ àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ wọn ṣe dáadáa nínú kọ́ọ̀sì ìṣirò àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn yìí kan náà ni ó sábà ń rẹ̀yìn. Ní Kánádà ní 2018, onílàjà kan dájọ́ pé Yunifásítì Ryerson ìgbà náà kò gbọdọ̀ fi irú èsì bẹ́ẹ̀ díwọ̀n bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni tó nígbà ìgbéga.

Ní ti àwa olùkọ́ èdè Yorùbá, ìṣòro mìíràn wà nínú èdè tí a fi ń béèrè. Mo ti bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rí pé, 'Ṣé olùkọ́ yín dára?' Ọ̀kan kọ ọ́ pé, 'Wọ́n dára, wọn kì í na ènìyàn.' Kò parọ́. Èmi ni n kò béèrè dáadáa: 'dára' lè jẹ́ ti ìwà, ó lè jẹ́ ti ẹwà, ó lè jẹ́ ti mímọ iṣẹ́ ẹni. Ti ọ̀wọ̀ ńkọ́? Bí a bá kọ ọ́ pé, 'Ṣé wọ́n máa ń tètè dé?', akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé gbogbo olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni à ń béèrè. Bí a bá sì kọ 'ó' dípò 'wọ́n', ọmọ tí a kọ́ dáadáa nílé kò ní fẹ́ fọwọ́ kan ìwé náà. Èyí tí ó sàn ni kí a yọ olùkọ́ kúrò nínú gbólóhùn: 'Ṣé ẹ gba ìwé àròkọ yín padà kí ẹ tó kọ òmíràn?' Ohun tí ojú akẹ́kọ̀ọ́ rí nìyí, ó sì lè jẹ́rìí sí i. Bóyá olùkọ́ mọ gírámà Yorùbá kò sí lára ohun tí ó lè jẹ́rìí sí.

Níbi tí kíláàsì bá kéré, tí olùkọ́ sì mọ ọwọ́ ìkọ̀wé olúkúlùkù, àìkọ orúkọ kò bo ẹnikẹ́ni láṣìírí. Kí wọ́n kàn fàlà sábẹ́ ìdáhùn, kí ẹlòmíràn gbà á, kí olùkọ́ má sì rí i títí èsì ìdánwò yóò fi jáde.

Èyí tí ó ṣàǹfààní jù fún olùkọ́ fúnra rẹ̀ kì í dúró de ìparí sáà, kò sì kan aláṣẹ kankan. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ẹ̀kọ́ àmì ohùn, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ ohun kan ṣoṣo tí kò tíì yé wọn. Ọ̀pọ̀ kọ ọ́ pé ohùn àárín ni ó ń dà wọ́n láàmú, kì í ṣe ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ tí mo ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé lórí. Ní ọjọ́ kejì, mo padà sórí ohùn àárín.