Nóòtì Tí Olùkọ́ Kò Ní Pè fún Wọn

Nígbà ìsinmi, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ SS3 ní Òrè àti Odígbó. JAMB ni gbogbo wọn ń lé: ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì, lórí kọ̀ǹpútà. Ó yẹ kí wọ́n lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó yege níbẹ̀ ṣì lè fìdí rẹmi ní sáà àkọ́kọ́ ní yunifásítì. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: olùkọ́ wa kì í dúró pe nóòtì fúnni kọ bíi ti girama.

Nítorí náà, nóòtì kíkọ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí Walter Pauk ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ni mo ń lò. Wọ́n á fa ìlà sójú ìwé, kí òsì kéré, kí ọ̀tún fẹ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ á lọ sí ọ̀tún. Tó bá yá, wọ́n á kọ ìbéèrè tí nóòtì náà ń dáhùn sí òsì, wọ́n á fọwọ́ bo ọ̀tún, wọ́n á sì dáhùn láìwò ó. Àkàtúnkà lásán máa ń tanni jẹ ni: ojú ti mọ ọ̀rọ̀ náà, orí kò tíì mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á tún dáhùn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan bákan náà. Láti 1885 ni Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, ti fi hàn pé ìbẹ̀rẹ̀ ni ìgbàgbé ti máa ń yá jù.

Ìròyìn rédíò la fi ń dánra wò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìdá a dúró. Wọ́n ń ráhùn pé ariwo tírélà ojú ọ̀nà Èkó sí Benin kò jẹ́ káwọn gbọ́. Mo ní kí wọ́n máa kọ ọ́ lọ. Gbọ̀ngàn tiwa náà kì í dákẹ́.