Ṣọ́ọ̀ṣì Tí Àwọn Ọmọ Rẹ̀ Fọwọ́ Ara Wọn Wó ní Màrínà

Ẹni tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà Kàtídírà Kristi ní Màrínà, l'Ékòó, ìró mọ́tò ni yóò máa gbọ́. Èmi ọmọ Awoye, ọmọ etí òkun Ìlàjẹ, omi ni ojú mi kọ́kọ́ wá nígbà tí mo débẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ti sọ fún mi ni pé etí ọ̀sà ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà sí. Omi ti jìnnà. Ṣọ́ọ̀ṣì tí mo gbọ́ ìtàn rẹ̀ náà kò sí mọ́, òmíràn tó tóbi jù ú lọ ló jókòó sípò rẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ fúnra wọn ló wó ti àkọ́kọ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe lọ ni mo fẹ́ sọ.

Ìbọn ló ṣílẹ̀kùn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ jáde, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Nígbà tó di 1852, àwọn míṣọ́nnárì CMS, ìyẹn ẹgbẹ́ ìjọ Áńgílíkà, tí wọ́n ti wà ní Àgbádárìgì láti 1845, rí àyè wọ Èkó. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń wàásù fún àwọn onílé, àti fún àwọn Sàró tí wọ́n ti bọ́ lóko ẹrú padà wálé. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì, irú èèyàn mìíràn sì pọ̀ sí ìlú: gómìnà, akọ̀wé ìjọba, oníṣòwò òyìnbó, àti àwọn Sàró tó kàwé gan-an. Ìsìn lédè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn wọ̀nyí ń fẹ́. Ohun tó bí Ṣọ́ọ̀ṣì Kristi nìyẹn.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1867 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, nígbà tí John Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, ń ṣàkóso ìlú. Ní 1869, ilé ti dúró. Ayé Ọbabìnrin Victoria ni, ìjọ náà sì jẹ́ ọmọ ayé ìgbà náà tinútòde: ìwé àdúrà Gẹ̀ẹ́sì, orin Gẹ̀ẹ́sì, aṣọ òyìnbó nínú ooru Èkó. Mi ò ní bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Ilé àwọn ẹni tó rọ́wọ́ mú ni, àwọn tó sì kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀ kò kọ́ ọ fún apẹja tàbí alájàpá. Níbòmíràn l'Ékòó, ìbínú ti ń ru. Ní 1891 àwọn kan kúrò lábẹ́ Áńgílíkà láti dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, nígbà tó sì di 1901, ọ̀pọ̀ èèyàn jáde ní St Paul's, Breadfruit, nítorí ọ̀rọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, wọ́n sì dá ìjọ Bẹ́tẹ́lì sílẹ̀.

Ẹni tó yí ohùn Ṣọ́ọ̀ṣì Kristi padà, ìran tó so mọ́ Oǹdó ló ti wá. Bàbá rẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips, ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìwàásù ní Oǹdó, òun àti Samuel Johnson sì wà lára àwọn tó rìn láàárín ibùdó ogun Kírìjì kí àlàáfíà tó dé ní 1886. Ọmọ rẹ̀, Thomas Ekúndayọ̀ Phillips, lọ kọ́ iṣẹ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó padà dé ní 1914, wọ́n fi í ṣe atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin, ipò tí kò fi sílẹ̀ títí di 1962. Ọdún méjìdínláàádọ́ta! Nínú ilé àtijọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.

Ohun tó ń dun Phillips kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti mọ̀. Ọkọ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kì í ṣe ọkọ́. Àwọn aṣáájú ti gba orin òyìnbó, wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n orin náà ń gbé ọ̀rọ̀ sókè níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀, tí àdúrà fi ń di nǹkan mìíràn lẹ́nu ẹni tó ń kọ ọ́. Phillips jókòó ti èdè. Ó jẹ́ kí ohùn ọ̀rọ̀ máa darí ohùn orin, ó sì kọ orin ìsìn lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ní 1953 ó tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá. Lára àwọn ọmọdé tó kọrin lábẹ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé, tí ayé wá mọ̀ sí àgbà òǹkọ̀wé orin. Ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì ló di ibi tí orin Yorùbá ti rí olùkọ́. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù.

Láàárín ìgbà yẹn, ilé ti kéré. Ní 1919 Èkó di ẹkùn tó dá dúró lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Frank Melville Jones, bíṣọ́ọ̀bù ẹkùn sì gbọ́dọ̀ ní kàtídírà tó bá ipò rẹ̀ mu. Bagan Benjamin ló ya àwòrán ilé tuntun. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 1924. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin 1925, Ọmọọba Edward, àrólé ìtẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Àrólé náà jọba ní 1936, ó sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ lọ́dún kan náà; wọn ò tíì kọ́lé tán. Ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀, ogun Hitler dé, ó tán, ilé ṣì ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀. 1946 ni wọ́n parí rẹ̀.

Báyìí ni ṣọ́ọ̀ṣì 1869 ṣe lọ. Ó dùn mí pé ojú wa kò lè rí i mọ́. Síbẹ̀ mi ò lè bá àwọn tó wó o jà. Wọ́n mọ ọjọ́ tí wọn yóò wó o, wọ́n mọ ohun tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀, ìjọ kò sì tú ká.

Nígbà tí ìjọba wá tú itẹ́ òkú Àjẹlẹ̀ l'Ékòó ká, níbi tí wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sí lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891, wọn ò fi í sílẹ̀ fún katakata. Ní 1976 wọ́n hú egungun rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n gbé e wá sí kàtídírà, wọ́n sì ṣe ìrántí fún un níbẹ̀. Láàárín àwọn ọdún yẹn náà ni wọ́n da iyanrìn sí ọ̀sà níwájú Màrínà, tí wọ́n fi la títì sórí ibi tí omi wà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí omi.

Èyí ni mo rò délé. Ẹrẹ̀ ni etí òkun tiwa, láti Ayétòrò dé Awoye. Kò gba bíríkì wúwo, orí òpó la ń kọ́lé pákó sí. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n parí kàtídírà Màrínà, ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 1947, ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó. Nígbà náà, ìjọ wọn ni ìlú wọn, ìlú wọn ni ìjọ wọn: wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀, owó wọn wà pọ̀, wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, iná mànàmáná sì ń tàn níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá wà lókùnkùn. Ìjọba gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde fún wọn ní 2004, wọ́n tún gbé e jáde ní 2009. Òkun kò rí ìdènà kankan. Ó ti gba ilé, ó ti gba ilé ìwòsàn, ó ti lé ìjọ kúrò níbi tí wọ́n kọ́kọ́ ti ń jọ́sìn, ó sì tún ti ń sún mọ́ ibi tí wọ́n kó lọ. Ní Awoye náà, ibi tí àwọn bàbá wa ń tọ́ka sí pé ilé àwọn wà, ọkọ̀ là ń wà kọjá lórí rẹ̀.

Àwọn ará Ayétòrò sọ pé òkun ti gbé ibi tí wọ́n ń sìnkú sí lọ. Kò sí ẹni tó lọ hú egungun kankan ṣáájú.