Okun àti Agbára: Ọ̀rọ̀ méjì tí ó yẹ kí a mọ̀ yàtọ̀ kí a tó ra bátìrì fún íntánẹ́ẹ̀tì ilé

okun (ohùn: re re) *ọ̀rọ̀-orúkọ*
1. Ohun tí ó wà nínú ara tí a fi ń ṣe iṣẹ́. *Oúnjẹ ni ó ń fún ènìyàn ní okun.*
2. Nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì: àpapọ̀ iṣẹ́ tí ohun kan lè ṣe kí ó tó tán. Lára bátìrì, Wh ni àmì ìwọ̀n rẹ̀.

agbára (ohùn: re mí re) *ọ̀rọ̀-orúkọ*
1. Ipá tàbí àṣẹ láti ṣe nǹkan. *Ọba ní agbára lórí ìlú.*
2. Nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì: iye okun tí ohun kan ń lò láàárín àkókò kan. Wáàtì ni ìwọ̀n rẹ̀. W ni àmì rẹ̀.

Má ṣì í kọ: *òkun* (dò re) ni omi ńlá, *okùn* (re dò) ni a fi ń so ẹran mọ́lẹ̀, *àgbàrá* (dò dò mí) ni omi òjò tí ń ṣàn gba ojú ọ̀nà.

Àlàyé

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, a lè fi *agbára* dípò *okun* kí ẹnikẹ́ni má sì ṣì wá gbọ́. Ìjàkadì, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ìlú Ọ̀fà, fi ìyàtọ̀ wọn hàn kedere. Oníjàkadì kan wà tí ó lè gbé ẹnìkejì rẹ̀ ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: agbára nìyẹn. Òmíràn wà tí kò yára, ṣùgbọ́n tí ó lè máa jà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú: okun nìyẹn. Àwọn àgbà ní, okun inú la fi ń gbé tìta. Bí okun bá tán nínú, agbára kò sí mọ́.

Níbi tí àṣìlò ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ń náni lówó ni ọjà bátìrì. Ní Ọ̀fà, ilé-iṣẹ́ IBEDC ni ó ń pín iná mànàmáná. Ètò owó iná tí ìjọba fọwọ́ sí pín àwọn oníbàárà sí ìsọ̀rí márùn-ún: ìsọ̀rí A yẹ kí ó rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lóòjọ́, B fún 16, C fún 12, D fún 8, E fún 4. Ẹni tí ó wà ní ìsọ̀rí D lè wà láìní iná fún wákàtí 16. Fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká ní bátìrì tiwọn, ṣùgbọ́n ráótà tí ó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé kò sábà ní. Bí iná bá kàn ṣẹ́jú, ráótà yóò kú, yóò sì tún gba ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó padà bọ̀ sípò. Akẹ́kọ̀ọ́ Federal Polytechnic Ọ̀fà, ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1992, tí ó ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ tí àyè rẹ̀ yóò tì, mọ ohun tí ìṣẹ́jú kan náà lè fà.

Ohun tí ráótà ń jẹ

Ráótà kì í jẹ iná ńlá tí ó wà lára ògiri. Orí ṣájà rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di iná kékeré, tí ó sábà jẹ́ fóòtì 12. Bí a bá kọ 12V àti 1A sí ara rẹ̀, a ó sọ méjèèjì di púpọ̀: wáàtì 12. Ìyẹn ni òpin ohun tí orí ṣájà lè gbé. Ráótà fúnra rẹ̀ kì í sábà lò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé wáàtì 8 ni ó ń lò. *Agbára* rẹ̀ nìyẹn.

Bí a bá fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6, 8 lọ́nà 6 jẹ́ 48Wh. *Okun* tí ó nílò nìyẹn. Ṣùgbọ́n díẹ̀ máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà, kò sì dára kí a máa fa bátìrì gbẹ. Bí a bá ro òfò náà sí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a sì fi ìdá 20 sílẹ̀ nínú bátìrì, bátìrì tí a ó rà yẹ kí ó tó nǹkan bí 70Wh.

Ẹ̀tàn tí ó wà nínú mAh

Lára páwà báńkì ni a ti ń rí 10,000mAh. Olùrà lè rò pé áḿpíà 10 fún wákàtí kan nìyẹn ní fóòtì 12, kí ó sì retí 120Wh, tí yóò gbé ráótà rẹ̀ fún wákàtí 15. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì lítíọ́mù tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ fóòtì 3.7, nítorí náà okun rẹ̀ jẹ́ 37Wh péré. Lẹ́yìn òfò, kò ní tó wákàtí 4. Ẹni tí ó tà á kò parọ́. mAh nìkan ni kò sọ okun tán. Ẹ máa wá Wh, tàbí kí ẹ sọ fóòtì bátìrì àti Ah rẹ̀ di púpọ̀.

Bátìrì olójé 12V, 7Ah jẹ́ 84Wh lórí ìwé, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́, ìdajì rẹ̀ ni ó yẹ kí a máa lò, èyí tí kò tó 48Wh tí a ń wá. Bátìrì lítíọ́mù alárin, tí wọ́n ń kọ LiFePO4 sí lára, tí ó jẹ́ 12.8V, 6Ah, ní 76.8Wh, òun ni ó bá ìṣirò wa mu.

Bí a ṣe ń tò ó

Kò pọn dandan kí a gba ọ̀nà ínfátà. Ínfátà yóò gbé iná bátìrì ga di iná ògiri, orí ṣájà yóò sì tún sọ ọ́ kalẹ̀ sí fóòtì 12. Okun ń ṣòfò nínú ìrìn méjèèjì, ínfátà fúnra rẹ̀ sì lè jẹ tó iye tí ráótà ń jẹ. Kí bátìrì bọ́ ráótà tààrà ni ó dára jù, ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ kékeré tí ń mú fóòtì dúró sí 12 wà láàárín wọn, nítorí LiFePO4 tí a ń kún lè gòkè dé 14.6V.

Orí ṣájà ráótà kò lè kún bátìrì náà dáadáa. Nínú wáàtì 12 rẹ̀, ráótà ti gba 8. Mẹ́rin péré ni ó kù. Láti dá okun tí a lò ní wákàtí 6 padà, yóò gba ó kéré tán wákàtí 14, iná ìsọ̀rí D kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ṣájà tí a ṣe fún irú bátìrì náà, tí ó lè gbé wáàtì 30, yóò ṣe é láàárín nǹkan bí wákàtí 3.

Kí fíúsì wà nítòsí bátìrì, kí pátákó ààbò sì wà lára rẹ̀ tí yóò gé iná bí ó bá kún jù tàbí bí ó bá gbẹ jù. Kí a má gbé e sí abẹ́ páànù gbígbóná tàbí sórí ráótà. Kíkún lítíọ́mù nínú ooru tí ó ju 45°C lọ ń bà á jẹ́.

Àpẹẹrẹ ìlò

*Agbára ráótà yìí kò ju wáàtì 8 lọ.*
*Okun bátìrì náà yóò gbé e di òwúrọ̀.*
*Ínfátà ńlá ni, ó ní agbára, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ kò ní okun.*

Àkíyèsí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń sọ pé *NEPA ti mú iná lọ*, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2005 ni a ti fi ilé-iṣẹ́ mìíràn rọ́pò NEPA. Èyí kò da ọ̀rọ̀ rú, nítorí gbogbo ènìyàn mọ ohun tí a ń sọ. Ti *okun* àti *agbára* yàtọ̀: bí a bá wí fún oníbátìrì pé *mo fẹ́ èyí tí ó lágbára*, ó lè ta èyí tí ó ń gbé ẹ̀rọ ńlá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí ó fẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì òun di alẹ́, kí ó béèrè okun, kí ó sì béèrè rẹ̀ ní Wh.

Tún wo: *ipá, iná, àgbàrá.*