Òjò Kọ́ Ló Pa Johnstown

Páìpù irin márùn-ún ló wà nísàlẹ̀ dáàmù South Fork nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì wà fún: bí omi bá ti fẹ́ pọ̀ jù lẹ́yìn dáàmù, kí wọ́n ṣí wọn, kí omi rọra máa wábi gbà lọ. Ní ọdún 1875, John Reilly, aṣòfin kan ní Washington, ra dáàmù náà pẹ̀lú adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó fi máa tún un tà ní 1879, ó ti yọ páìpù márààrún, ó ti tà wọ́n ní pàǹtí irin. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò fi òmíràn rọ́pò wọn. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 1889, dáàmù yẹn ya, èèyàn tó lé ní 2,200 sì bá a lọ.

Bí wọ́n bá ń pìtàn Johnstown, ìlú tí omi dáàmù yẹn gbá lọ, òjò ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ dárúkọ. Òjò yẹn kì í ṣe kékeré lóòótọ́. Láàárín ọjọ́ kan ó rọ̀ tó ínǹṣì mẹ́fà sí mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n òjò kì í yọ páìpù tà. Ohun tí wọ́n ti fi ojú dáàmù náà rí kí ojú ọ̀run tó ṣú rárá ni kí á wò.

Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ni Johnstown wà, níbi tí odò Little Conemaugh àti odò Stonycreek ti pàdé, tí wọ́n di odò Conemaugh. Àfonífojì tóóró ni, òkè ló yí i ká. Irin ni iṣẹ́ ìlú náà, Cambria Iron Company sì ni baba ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí à ń wí yìí, bí 30,000 èèyàn ló ń gbé àfonífojì náà, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tó ṣí wá láti Jámánì àti Wales tàbí ọmọ wọn. Ilé iṣẹ́ irin ń da ìdàrọ́ sí bèbè odò lọ́dọọdún, odò sì ń tóóró sí i. Nítorí náà, ará Johnstown mọ omíyalé bí ẹni mowó. Tí òjò bá ti pọ̀, wọ́n á kó kápẹ́ẹ̀tì lọ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n á dúró de omi kó fà. Ìmọ̀ yẹn gan-an wà lára ohun tó pa wọ́n.

Dáàmù náà wà ní máìlì 14 sókè odò, ó sì fi bí 450 ẹsẹ̀ bàtà ga ju ìlú lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló kọ́ ọ láàárín 1838 sí 1853, kí omi lè wà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ fún ipa omi tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù. Kò pẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ tán ni rélùwéè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi. Ilé iṣẹ́ Pennsylvania Railroad ra gbogbo rẹ̀ ní 1857, ó sì pa adágún náà tì, torí kí ni ọkọ̀ ojú irin fẹ́ fi adágún ṣe? Ní 1862, apá kan dáàmù náà já. Omi ẹ̀yìn rẹ̀ kò pọ̀ lọ́jọ́ náà, ohun tó bàjẹ́ kò tó nǹkan, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ẹni tó ra dáàmù lọ́wọ́ Reilly ni Benjamin Ruff, ó sì fi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní South Fork Fishing and Hunting Club. Ẹ gbọ́ orúkọ díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́: Andrew Carnegie, Henry Clay Frick, Andrew Mellon, Philander Knox. Àwọn tó ń fi irin, èédú àti báǹkì kówó jọ ní Pittsburgh nìyẹn, tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á ti máa gbatẹ́gùn nígbà ooru, kúrò nínú èéfín tí ilé iṣẹ́ àwọn fúnra wọn ń tú. Wọ́n kọ́ ilé ìgbafẹ́ oníyàrá 47 sí etí adágún, wọ́n kó ẹja wá láti ọ̀nà jíjìn, ọkọ̀ kéékèèké sì ń rìn lójú omi.

Ruff fi amọ̀, ẹ̀ka igi, koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ ẹṣin dí ibi tó já ní 1862. Wọ́n gé orí dáàmù wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀, kí ó lè fẹ̀ tó fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin láti gbà á kọjá. Wọ́n fi àwọ̀n irin sí ẹnu àkúnwọ́sílẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí omi tó bá pọ̀ jù ń gbà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹja olówó gọbọi má baà bá omi lọ. Ibi tí wọ́n dí láàárín sì tún rì díẹ̀, ó relẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti tòsì lọ.

Tí ẹ bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó jọ ìwà ìkà nínú wọn. Ẹni tó gé orí dáàmù, ọ̀nà ló ń wá. Ẹni tó fi àwọ̀n dí ẹnu omi, ẹja ló ń ṣọ́. Ẹni tó ta páìpù, owó ló nílò. Ní tèmi, ohun tó ń dẹ́rù bani jù nínú ìtàn yìí nìyẹn.

Láti mọ ìdí tó fi burú tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí á mọ irú dáàmù tó jẹ́. Yẹ̀pẹ̀ àti òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 72, ó sì gùn ju 900 lọ. Irú dáàmù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀gàn. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ mọ́ra dáadáa lè dá omi tó ń tì í dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún, torí ìwúwo rẹ̀ ni agbára rẹ̀. Ohun tí kò lè fara dà ni kí omi gba orí rẹ̀ kọjá kó sì bọ́ sódì kejì. Ẹ rántí ògiri alámọ̀ tí ìjì ti ká òrùlé rẹ̀ lọ láàárín òjò: láti òkè ló ti ń yọ́. Omi á họ yẹ̀pẹ̀ díẹ̀, ihò á yọ. Ihò á gba omi sí i, omi náà á họ yẹ̀pẹ̀ sí i. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ṣọ́bìrì ò lè dá a dúró. Irú rẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀ ní Derna ní Líbíyà ní oṣù Kẹsàn-án 2023, nígbà tí omi gba orí dáàmù méjì tí wọ́n fi amọ̀ àti òkúta ṣe.

Nítorí náà, gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ ni kí omi má dé orí rẹ̀ láéláé. Orí gbọ́dọ̀ ga, ẹnu àkúnwọ́sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀, páìpù gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀. Ní South Fork, wọ́n rẹ orí wálẹ̀, wọ́n fi àwọ̀n há ẹnu àkúnwọ́sílẹ̀, páìpù sì ti lọ.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ò rí i. Daniel Morrell, ọ̀gá àgbà Cambria Iron, rán ẹnjinníà rẹ̀, John Fulton, lọ wo dáàmù náà ní 1880. Fulton kọ̀wé pé kò sí páìpù tí wọ́n lè fi fa omi adágún, àti pé omi ń jò níbi tí wọ́n tún ṣe. Ruff fèsì pé kí Morrell àti àwọn èèyàn rẹ̀ fọkàn balẹ̀, pé kò séwu. Morrell tiẹ̀ ní òun á dá sí owó àtúnṣe. Wọn ò gbà. Ó wá sanwó, ó wọ ẹgbẹ́ náà, bóyá kó lè máa fojú sí ohun tó ń lọ níbẹ̀. Ó kú ní 1885. Ruff náà kú ní 1887. Báyìí ni àwọn méjèèjì tó bá ara wọn jiyàn ṣe kúrò láyé, tí dáàmù ṣẹ́kù. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ní South Fork, onílé ń pẹja.

Ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ni òjò ńlá náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Elias Unger tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ náà rí i pé omi ti fẹ́ kan orí dáàmù. Ó kó àwọn lébìrà ará Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí jọ. Àwọn kan ń fi ṣọ́bìrì kó yẹ̀pẹ̀ sórí dáàmù kó lè ga sí i, àwọn kan lọ ń gbẹ́ ọ̀nà omi tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ṣùgbọ́n wọ́n kan àpáta. Àwọn kan ní kí wọ́n yọ àwọ̀n ẹja. Unger kọ́kọ́ lọ́ra. Nígbà tó máa gbà, igi àti pàǹtí ti há sí i tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣeé yọ mọ́.

John Parke, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjinníà tó ń bá ẹgbẹ́ náà ṣiṣẹ́, gun ẹṣin lọ sí abúlé South Fork kí wọ́n lè tẹ wáyà sí ìsàlẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó dé Johnstown. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni wọ́n ń gbọ́ pé dáàmù fẹ́ ya, etí wọn ti di. Omi òjò sì ti wà nígboro nígbà náà, ó ti dé àyà èèyàn láwọn ibì kan, àwọn aráàlú sì ti gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ jókòó gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

Nítòsí aago mẹ́ta ọ̀sán, àárín dáàmù lọ. Omi tó tó 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù já wọ àfonífojì. Ó gbá igi, afárá, ilé àti ọkọ̀ ojú irin mọ́ra. Ní East Conemaugh, awakọ̀ ojú irin kan, John Hess, gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́yìn. Ó so okùn fèrè ẹ́ńjìnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó máa dún láìdákẹ́, ó sì ń wa ọkọ̀ náà sẹ́yìn bọ̀ nílé. Àwọn tó gbọ́ fèrè yẹn sáré gun òkè. Ní Woodvale, fèrè ò dún: ó ju 300 lọ tó kú nínú èèyàn bí 1,100. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Gautier tó ń ṣe wáyà ẹlẹ́gùn-ún wà, omi sì kó wáyà náà dání lọ sí Johnstown.

Ó dé Johnstown ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méje. Àwọn tó rí i ní àwọn kò rí omi. Òkìtì pàǹtí tó ga bí ilé ni àwọn rí, tó ń yí bọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìgboro ti lọ. Ohun tó kù kọ lu afárá olókùúta tí rélùwéè kọ́ sísàlẹ̀ ìlú. Afárá yẹn kò wó. Ó ṣì wà títí dòní. Torí pé kò wó, gbogbo pàǹtí náà há sí ẹnu rẹ̀, pẹ̀lú àwọn èèyàn láàyè nínú rẹ̀, wáyà ẹlẹ́gùn-ún sì di gbogbo rẹ̀ papọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, iná sọ. Ó kéré tán, èèyàn 80 ni iná pa lójú omi.

Òkú 777 ni kò sẹ́ni tó dá wọn mọ̀. Ìdílé 99 ló pa rẹ́ tọmọtìyá. Clara Barton kó ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa Amẹ́ríkà wá ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà, ó sì lo oṣù tó ju mẹ́rin lọ níbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ẹgbẹ́ náà ṣe nígbà àlàáfíà nìyẹn. Owó ìrànwọ́ tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ wọlé láti Amẹ́ríkà àti òkè òkun. Ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ náà fi 1,000 bùláńkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Carnegie tún ilé ìkàwé ìlú kọ́, inú ilé yẹn sì ni mùsíọ́mù omíyalé Johnstown wà báyìí.

Àwọn tó pe ẹjọ́ ò rí nǹkan kan gbà. Philander Knox àti James Reed, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà, ni lọ́yà tó gbèjà rẹ̀. Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ kò ní dúkìá tó jọjú, òfin ò sì jẹ́ kí ọwọ́ kan àpò àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Àmúwá Ọlọ́run ni wọ́n pe jàǹbá náà. Knox padà di agbẹjọ́rò àgbà Amẹ́ríkà, ó sì tún di akọ̀wé ìjọba fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ní Ìlú Ọba, láti 1868 ni àwọn adájọ́ ti sọ nínú ẹjọ́ Rylands àti Fletcher pé ẹni tó bá kó omi púpọ̀ jọ sí ilẹ̀ rẹ̀, òun ni yóò san ohun tó bá bàjẹ́ bí omi náà bá já, ì báà jẹ́ pé kò ṣe àìbìkítà. Àwọn ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà kì í fẹ́ gba ìlànà yẹn tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn Johnstown, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á.

Àwọn ẹnjinníà pàápàá gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ náà fún ìgbà pípẹ́. Ìgbìmọ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn ẹnjinníà Amẹ́ríkà gbé dìde sọ ní 1891 pé dáàmù ì bá ya bákan náà kódà ká ní wọn ò gé orí rẹ̀. Ó di 2016 kí Neil Coleman, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣe ìṣirò náà padà. Wọ́n rí i pé dáàmù àtijọ́ ní ẹnu àkúnwọ́sílẹ̀ kejì lápá ìwọ̀ oòrùn, tí gígé orí sọ di asán, àti pé ohun tí ẹgbẹ́ náà ṣe dín omi tí dáàmù lè tú jáde láìséwu kù tó ìdajì.

Johnstown tún rí omíyalé ńlá ní 1936. Lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ fi kọnkéré mọ bèbè odò gba inú ìlú, wọ́n sì ń polówó Johnstown káàkiri pé omi ò lè yalé níbẹ̀ mọ́. Ní òru ọjọ́ 19 mọ́jú ọjọ́ 20 oṣù Keje 1977, òjò àrọ̀ìdá dé. Dáàmù mẹ́fà ló ya ní agbègbè náà. Èyí tó tóbi jù ni Laurel Run, oníyẹ̀pẹ̀ ni òun náà, omi sì gba orí rẹ̀ kọjá. Nǹkan bí 40 èèyàn ló pa ní àdúgbò Tanneryville, nínú àwọn tó lé ní 80 tó kú lóru yẹn.